Ẹ gbà mí o, mo fẹ́ máa gbóhùn màámi bíi tàtijọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Manchester ni mo wà, màámi wà ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú ọba káàdì ìpè ni mo máa ń rà, gbogbo Sunday ni mo ń pè wọ́n, bí wọ́n bá ti gbóhùn mi báyìí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, Àjọkẹ́ mi, Àjọkẹ́ òkín, títí omi á fi bọ́ lójú mi, owó káàdì á tán wọn ò ní tíì kì mí tán.

Ní báyìí tí WhatsApp wà, dátà lásán la lè fi pè, síbẹ̀ a kì í sọ̀rọ̀ mọ́. "Ẹ káàárọ̀ mà" ni mo máa ń tẹ̀ ránṣẹ́, àbúrò mi ló ń kà á fún wọn torí ojú wọn, òun náà ló ń bá wọn tẹ àdúrà padà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn ló ṣe àdúrà ọ̀hún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pè wọ́n, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni "ta ló kú?" Ó dùn mí wọra. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu àwa méjèèjì.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe o, tí mo bá délé oorun ló kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé fóìsì nóòtì tó, àbí kí n mú ọjọ́ kan pàtó? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí wọ́n tún máa kì mí?