Fífi switch kẹta kún stack láì dá iṣẹ́ dúró

Okùn_Gígùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Catalyst 9300 (switch Cisco) méjì ló wà nínú stack (àwọn switch tí a fi okùn so pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan), mo fẹ́ so ẹ̀kẹta mọ́ wọn. Sọ́fítíwíà inú ẹ̀kẹta yìí ti pẹ́ ju tiwọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè láti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àtùpà_Port: Ẹ má tíì so okùn kankan. Ẹ tan tuntun náà lóun nìkan, kí ẹ wo `show version` àti `show switch`. Kí priority rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yan olórí; èyí tó ga jù ló ń borí) wà ní 1; ẹ fún olórí stack ní 15, ìkejì rẹ̀ ní 14. Ẹ tẹ `switch 1 renumber 3` kí nọ́ńbà rẹ̀ di 3, ẹ ṣe reload (kó pa ara rẹ̀, kó sì tún tan), kí ẹ wá pa á pátápátá.

Pípa yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Switch tó bá ń dá ṣiṣẹ́ ti jẹ́ olórí ara rẹ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ wọn bẹ́ẹ̀, stack méjì ló pàdé: wọ́n á tún olórí yàn, apá tó bá fìdí rẹmi á sì ṣe reload. Bó bá jẹ́ apá tiyín ni, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dákẹ́ lójijì.

Ní ti okùn, ẹyọ kan péré ni kí ẹ yọ nínú méjì tó wà nílẹ̀. Òrùka tí okùn méjèèjì ṣe á já, agbára á dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò ní dúró. Bí ẹ bá yọ méjèèjì, stack á pín, olórí méjì á sì máa jẹ́ IP kan náà. Ẹ so ẹ̀kẹta sí àlàfo yẹn, kí okùn pé mẹ́ta, kí ẹ tó fún un ní iná.

Ìdè_Irin: Òótọ́ ni. Bí sọ́fítíwíà ò bá bára mu, V-Mismatch ni `show switch` máa kọ, port rẹ̀ kankan ò sì ní ṣiṣẹ́. `software auto-upgrade enable` lè tún un ṣe, àmọ́ ní ipò INSTALL (tí a ti tú sọ́fítíwíà sí àwọn fáìlì kéékèèké) nìkan ni; ní BUNDLE (tó ń tan láti inú fáìlì ńlá kan), kò ní dáhùn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn jù kí ẹ gbé sọ́fítíwíà tó bá tiwọn mu sí i kó tó wọlé.

Okùn_Gígùn: Ẹ ṣeun púpọ̀. Orí switch 1 nìkan ni uplink (okùn tó lọ síta) méjèèjì wà. Ṣé kò léwu?

Ìdè_Irin: Ó léwu. Bí switch 1 bá kú, àwọn yòókù ò ní ọ̀nà síta mọ́. Ẹ kó Te1/1/1 àti Te2/1/1 (port kan lórí switch 1, ọ̀kan lórí switch 2) sínú `channel-group 1 mode active`, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀nà kan, kí ẹ ṣe bákan náà lódìkejì. Nínú `show etherchannel summary`, P (ó ti wọ ẹgbẹ́) ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ port méjèèjì. Bí ẹ bá rí I (ó dá wà) tàbí s (a dá a dúró), ẹ lọ wo LACP (ìlànà tó ń so àwọn port yìí pọ̀) lódìkejì.