"Bàbá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní àwọn ará Tọ́kì la ti yá "bàbá", pé ká fi "abini" rọ́pò rẹ̀, ẹ má bínú, n ò gbà. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò ju pé fáwẹ̀lì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa, kọ́ńsónáǹtì ló sì bẹ̀rẹ̀ "bàbá". Ṣé àyálò ni "kòkòrò" àti "lábalábá" náà ni? Àpètúnpè ni wọ́n, bí "bàbá" ṣe jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àyálò a máa ní ipa ẹsẹ̀. Ẹ wo àlùbọ́sà: al-baṣal ni Lárúbáwá ń pè é, Haúsá ní albasa, kó tó kàn wá. Èdè wa kò gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, la bá ki "ù" bọ àárín "l" àti "b". Kí ẹ̀gbọ́n fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ hàn wá fún "bàbá".

Baba ni Swahílì ń pe bàbá. Bàba ni ti Ṣáínà. Ní Rọ́ṣíà àti Jàpáànù, obìnrin àgbàlagbà ló ń jẹ́ baba. Ní Jọ́jíà, mama gan-an ni bàbá, deda sì ni ìyá! Ẹnu ọmọdé ni gbogbo rẹ̀ ti wá, Roman Jakobson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, sì ti ṣàlàyé rẹ̀: ọmọ á pa ètè dé, á ṣí i lójijì, "ba" nìyẹn, bí èémí bá gba imú, "ma" ni. Á tún un pè léraléra. Òbí ló ń yan ìtumọ̀, ìyẹn ni ìtumọ̀ ò fi bára mu.

"Abini" gan-an ló ń bí mi nínú. Ìyá kò ha bíni? "Òbí" tó jáde látinú "bí" kan náà, àwọn méjèèjì ló kó pọ̀. Ẹ sì sọ fún mi bí a ó ṣe kí àgbàlagbà tí a kò mọ̀ rí: "Abini, ẹ káàárọ̀"?

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀-ìṣe "bà" àti "bá" ló para pọ̀ di "bàbá", kó rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì kì í ṣàdédé di ọ̀rọ̀-orúkọ láìsí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá sì ṣi ohùn kejì gbé sísàlẹ̀, ó di bàbà, ọkà tàbí idẹ pupa.

Ní ti àwọn tó ń jà pé ohùn àárín, "baba", nìkan ló tọ́ nítorí Babatúndé àti babaláwo: inú àkànpọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ń sọ "bàbá mi", wọ́n ń sọ "baba mi", n ò sì rí ẹni tó láṣẹ láti fagi lé ọ̀kan níbẹ̀.