"Gbígbẹ" kọ́ o, fífún ni

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀yọ́ dábàá lánàá pé bí omi ṣe ń kúrò nínú ẹrẹ̀ tó ń di ṣéèlì (òkúta tí ẹrẹ̀ máa ń le dà) lábẹ́ ilẹ̀, ká máa pè é ní "ìgbẹ ilẹ̀". Ẹ má bínú sí mi ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Ká tiẹ̀ má sọ ohun tó máa dà tí ẹnì kan bá ṣi ohùn rẹ̀ pè.

Oòrùn àti atẹ́gùn ló ń gbẹ nǹkan. Oòrùn wo ló wà lábẹ́ ilẹ̀? Ẹrù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ òkun, omi lè kó 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, iyanrìn àti ẹrẹ̀ míì á wá máa gorí ẹ̀ títí, tó bá fi máa wọlẹ̀ tó kìlómítà 3 omi yẹn á ti dín kù gan-an, ẹrẹ̀ á sì ti le di òkúta pẹlẹbẹ. Ẹ dé ìdí jáàkì gaàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ta ló ń sọ pé òun ń gbẹ ẹ̀gẹ́? Wọ́n ń fún un ni jàre. Nítorí náà "ìfúnpọ̀" fún ti ẹrẹ̀, "ìfúnmijáde" fún ti omi.

Ibi tí "ìgbẹ" ti máa dójú tì wá gan-an ni ibi tómi ò ti ráyè jáde. Ẹ di ẹ̀gẹ́ sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ jáàkì, kò ní le, á kàn máa wá ibi tó máa bẹ́ gbà. Bí ẹrẹ̀ Akata, ìpele ẹrẹ̀ nínípọn kan, ṣe rí nìyẹn nísàlẹ̀ Niger Delta: ẹrù yára gorí ẹ̀ jù, omi há sínú ẹ̀, omi yẹn wá ń bá ẹrẹ̀ gbé ẹrù, ẹrẹ̀ ò lágbára. Iyanrìn orí ẹ̀ wá ń yọ̀, ilẹ̀ ń là, apá tó rì ń gba iyanrìn sí i, níbòmíì ẹrẹ̀ ọ̀hún á rú sókè gba àárín wọn kọjá. "Omi-há" ni mo pe ìyẹn. (Àpáta líle la tẹ̀ dó sí ní tiwa, ẹ má lọ máa wá a nínú kànga o.)

Ó ku ẹyọ kan. Omi kan wà tó so mọ́ inú amọ̀ fúnra ẹ̀, ooru ló ń lé e jáde nígbà tíbẹ̀ bá ń gbóná tó bíi 60 sí 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (°C), amọ̀ ọ̀hún á sì yí padà di oríṣi míì. Ìfúnmijáde ò gba ìyẹn. Mo ń rò ó ní "ìlàágùn amọ̀", ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?