Kí ni ó ń gbó lórí igi àràbà ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí wọ́n tó gé igi aláìṣẹ̀ kan lulẹ̀. Etí oko kòkó ni ilé wa wà, igi àràbà ńlá kan sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, ohùn kan yóò bẹ̀rẹ̀ lókè rẹ̀, yóò kọ́kọ́ máa ha kàràkàrà bí ẹni ń fa ọ̀pá lórí páànù, yóò sì máa yá sí i títí yóò fi di gbígbó, lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́ lójijì. Ajá wa kì í dá a lóhùn, abẹ́ àga ni í sá wọ̀. Bàbá onílé ti lọ bá àwọn agégi sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, ẹgbére ni. Bí o bá lè yọ́ lọ gba ẹní ọwọ́ rẹ̀, o di olówó nìyẹn, kí o sì rántí àwa tí a júwe ọ̀nà fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ́wèé: Ẹ má bínú, ìyá wa, ẹgbére kì í gbó, ẹkún ni í sun. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni. Tèmi náà máa ń ha ọ̀fun bẹ́ẹ̀ kí ó tó tan, a sì kú lójijì bí epo bá tán.

Oníbèéèrè: Ẹ̀gbọ́n, jẹnẹrétọ̀ kì í gun igi o.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Bàbá onílé fúnra wọn ni, owó ilé ọdún tí ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣírò.

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn dá igi náà sí, òfàfà ni wọ́n ń gbọ́. Ẹranko kékeré tí kò ju ehoro lọ ni, síbẹ̀ erin wà lára àwọn ẹranko tí ó bá a tan jù lọ. Inú ihò igi ni í sùn sí lọ́sàn-án, òru ni í jẹ ewé, ohùn yẹn ni ó sì fi ń jẹ́ kí òfàfà mìíràn mọ̀ pé igi náà ti ní onílé. Àwọn tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Volta máa ń ké tòò ni, ṣùgbọ́n àwọn tiwa, láàárín Volta àti odò Ọya, gbígbó ni wọ́n ń gbó. Ìyàtọ̀ ohùn yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún wọn ní orúkọ tiwọn lọ́tọ̀ ní ọdún 2021, Dendrohyrax interfluvialis. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ìdí àràbà náà dáadáa, nítorí ojú kan náà ni òfàfà máa ń yàgbẹ́ sí. Bí ẹ bá rí òkìtì ìgbẹ́ kóró-kóró níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún bàbá onílé kí wọ́n tó sanwó fún agégi.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá wa ní kí n béèrè bóyá kò ní kó àwọn adìyẹ wọn jẹ.

Ọmọ Ọdẹ: Kò ní fọwọ́ kàn wọ́n, ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Àwòdì ni kí ìyá máa ṣọ́.