Ṣé pàṣípààrọ̀ ni? Lórí orúkọ tí a fẹ́ fún fífi ilẹ̀ fúnni nínú géèmù ogun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ẹ dábàá pé “àtúnṣe pàṣípààrọ̀ ilẹ̀” ni ká máa pe mọ́ọ̀dù, ìyẹn ìyípadà tí àwọn tó ń gbá géèmù fúnra wọn ṣe sí i, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbé ilẹ̀ fún alájọjagun wọn nínú géèmù ogun. Èmi ń gbá Hearts of Iron IV, orúkọ náà ò sì bá ohun tí mò ń rí níbẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú “àtúnṣe”. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Èyí tí iléeṣẹ́ tó ni géèmù bá gbé jáde láti fi dí ihò ni àtúnṣe, èyí tí wọ́n bá tà lé e ni àfikún. Mọ́ọ̀dù kì í ṣe méjèèjì, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń gbá a ni. Ẹnu gbogbo èèyàn ti gba mọ́ọ̀dù, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Pàṣípààrọ̀ gan-an ni ìjà mi. Géèmù yìí, tí iléeṣẹ́ Paradox ti ìlú Stockholm gbé jáde ní 2016, kì í jẹ́ kéèyàn ṣàdédé bu ilẹ̀ tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìpàdé àlàáfíà lẹ́yìn ogun ni wọ́n ti ń pín in. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá mọ́ọ̀dù. Mo ṣí ọ̀kan wò: àṣẹ tó wà lábẹ́ bọ́tìnì rẹ̀ ni transfer_state, ìyẹn “gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn”. Ilẹ̀ lọ, kò sì sí ohunkóhun tó padà wá. Bí mo bá gbé iṣu fún yín tí ẹ ò fún mi ní nǹkan kan, ta ni yóò pe ìyẹn ní pàṣípààrọ̀? Ní 1890, Gẹ̀ẹ́sì fi erékùṣù Helgoland sílẹ̀ fún Jámánì, Jámánì náà yọwọ́ lórí Zanzibar: pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Rọ́ṣíà gba mílíọ̀nù 7.2 dọ́là lórí Alaska ní 1867, títà ni. Ti bọ́tìnì yìí, “ìyọ̀ǹda ilẹ̀” ló tọ́ sí i.

Ó kù síbì kan. Géèmù náà ya ẹni tó ni ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ọmọ ogun rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó sì tún ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ilẹ̀ náà jẹ́ àbínibí fún. Onílẹ̀ rọrùn. Fún ẹnì kejì, ẹnìkan níbí ti mú “oníṣákọ́lẹ̀” wá. Rárá o. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti gbà pé ilẹ̀ ní baba. Ọmọ ogun tó wọlé tipátipá kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. “Ajẹgàba” ni mo fara mọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká pè é ní “ilẹ̀ àbínibí”, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà wà: transfer_state nìkan kì í sọ ilẹ̀ di àbínibí fún ẹni tí a yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Bí ẹni tó kọ mọ́ọ̀dù náà ò bá fi add_core_of, àṣẹ tó ń sọ ilẹ̀ di àbínibí, sí i, ilẹ̀ á dé ọwọ́ yín, àmọ́ èèyàn díẹ̀ lẹ máa rí kó sógun níbẹ̀.

Ẹ má sì kọ “ọ̀rẹ́” sípò alájọjagun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1940, Jámánì àti Ítálì gba àríwá Transylvania lọ́wọ́ Ròmáníà fún Húngárì. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn méjèèjì ti wà ní ẹ̀yìn Jámánì, wọ́n sì ń wo ara wọn bí ológbò àti eku.