Ìdọ́gba x⁴ tí nọ́ńbà rẹ̀ bára mu lọ́tùn-ún lósì: ọ̀nà wo ni ká kọ́kọ́ fi han ọmọ?

Tísà Lẹ́sìn, Tánkẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 kan ní Further Maths nírọ̀lẹ́ ní Tánkẹ níbí. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìbéèrè yìí dé:

x⁴ − 7x³ + 14x² − 7x + 1 = 0

Factor theorem nìkan ló mọ̀, kó máa fi nọ́ńbà dípò x títí èyí tó bá bọ́ sí i á fi yọjú. Ó fi 1 síbẹ̀, 2 ló kù. Ó fi −1 síbẹ̀, 30 ló kù. Nígbà tó sì jẹ́ pé 1 ló ṣáájú, 1 náà ló kẹ́yìn, kò sí odidi nọ́ńbà tàbí ìdá mìíràn tó tún yẹ kó dán wò. Ó bá kọ "no solution" sísàlẹ̀ ìwé, ó fa ìlà méjì sí i nídìí. Ìlà méjì yẹn ló dùn mí jù, torí ó fi hàn pé ó dá a lójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdáhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà gidi sì ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe é ju ẹyọ kan lọ, èwo ni kí n fi ṣáájú? Ohun kejì: tí mo bá ní kí wọ́n fi x² pín gbogbo rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè bóyá a ò ti sọ ìdáhùn kan nù. Báwo lẹ ṣe ń dá wọn lóhùn?

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ kú làálàá, Tísà. Ẹ fi x² pín in, kò séwu. Kìkì ìgbà tí x bá jẹ́ 0 ni irú pípín bẹ́ẹ̀ lè kó báni. Ẹ ní kí ọmọ náà fi 0 sípò x: 1 ló máa kù. 0 kò sí nínú ìdáhùn látilẹ̀, kò sóhun tó sọnù.

Tẹ́ ẹ bá ti pín in, ẹ kó àwọn tó jọra sójú kan:

x² + 1/x² − 7(x + 1/x) + 14 = 0

Ẹ pe x + 1/x ní y. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọ á sáré kọ y² dípò x² + 1/x². Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fẹ (x + 1/x)² lójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á rí 2 tó yọjú láàárín. Nítorí náà, x² + 1/x² = y² − 2. Ìdọ́gba wa wá di y² − 7y + 12 = 0, y jẹ́ 3 tàbí 4. Ẹ padà sọ́dọ̀ x: x² − 3x + 1 = 0 fún wa ní (3 ± √5)/2, x² − 4x + 1 = 0 sì fún wa ní 2 ± √3.

Ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́ kó ṣáájú, torí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ han ọmọ. Ìdí tí nọ́ńbà iwájú fi bá tẹ̀yìn mu ni pé bí x bá jẹ́ ìdáhùn, 1/x náà jẹ́ ìdáhùn. Ẹ fi 2 + √3 lu 2 − √3, 1 lẹ máa rí.

Ìyá Òró

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò gbà pé ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ìdá á ti sá kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ y. Èmi á kàn ní kí wọ́n kọ ọ́ báyìí:

(x² + px + 1)(x² + qx + 1)

Kí wọ́n fẹ ẹ́. Ó fún wa ní p + q = −7, àti pq + 2 = 14. Nọ́ńbà méjì wo ni àròpọ̀ wọn jẹ́ −7, tí ìlọ́po wọn sì jẹ́ 12? −3 àti −4. Ó parí. Láti SS1 ni wọ́n ti ń wá irú nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà

Ìyá wa, ó rọrùn lóòótọ́ nígbà tó jẹ́ 1 ló ṣáájú. Ẹ wo èyí ná: 8x⁴ − 54x³ + 101x² − 54x + 8 = 0. Lọ́nà tiyín, p + q á jẹ́ −27/4, pq á jẹ́ 85/8. Ìdá tí wọ́n ń sá fún ti dé. Lọ́nà y, 8y² − 54y + 85 = 0 ni. b² − 4ac jẹ́ 196, ìyẹn 14², y sì jẹ́ 5/2 tàbí 17/4. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2, 1/2, 4 àti 1/4.

Àáfáà Pákátà

Àsàlámù àléékúmù. Ọ̀nà kan wà tí kò ní pípín nínú, tí ìbéèrè "ṣé nǹkan ò sọnù" kò ní wáyé rárá. Ẹ wo (x² + 1)²: x⁴ + 2x² + 1 ni. Ẹ yọ 2x² yẹn nínú 14x², 12x² ló ṣẹ́ kù:

(x² + 1)² − 7x(x² + 1) + 12x² = 0

Ẹni tójú ẹ̀ bá ti là á rí (x² + 1 − 3x)(x² + 1 − 4x) lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá rí i, kó ṣe completing the square:

(x² + 1 − 7x/2)² = x²/4

x² + 1 − 7x/2 wá jẹ́ x/2 tàbí −x/2. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, ti fi àwòrán onígun mẹ́rin ṣàlàyé rẹ̀ ní Bàgídádì, láyé Kálífà al-Mamun tó jọba láti 813 sí 833. Ó wù mí káwọn ọmọ Ìlọrin tó ń lọ ilé kéwú mọ̀ pé ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, Unilorin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ṣé kò sí fọ́múlà tó kárí gbogbo ìdọ́gba x⁴ tá a lè há sórí? Èkejì, mo gbìyànjú x⁴ + x³ + x² + x + 1 = 0 lọ́nà y, mi ò rí nọ́ńbà gidi kankan.

Tísà Òmù-Àrán

Fọ́múlà wà. Lodovico Ferrari, ọmọ Ítálì, ló rí i ní 1540, Cardano tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì gbé e jáde ní 1545. Ṣùgbọ́n ó gùn, wàá kọ́kọ́ yanjú ìdọ́gba x³ kan kó o tó débì kankan. Má há a sórí nítorí irú èyí.

Èkejì rẹ dára gan-an, o ò ṣì í. y² + y − 1 = 0, y jẹ́ (−1 ± √5)/2. Wá wo x² − yx + 1 = 0: b² − 4ac rẹ̀ jẹ́ y² − 4. Tí y bá ti wà láàárín −2 àti 2, kò lè sí nọ́ńbà gidi, méjèèjì yìí sì wà láàárín. Fi x − 1 lu ìdọ́gba rẹ, x⁵ − 1 lo máa rí. Ìdáhùn mẹ́rin rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ complex number (nọ́ńbà tí kì í ṣe gidi), pẹ̀lú 1 ni igun márùn-ún tó pín òbìrí ní dọ́gbadọ́gba, 72° sí 72°. Òun ló fà á tí (√5 − 1)/2 fi jẹ́ ìlọ́po méjì cos 72°.

Tísà Tánkẹ, ti Ìyá Òró ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi y tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má bàa rò pé wíwá nọ́ńbà méjì nìkan ló wà.

Tísà Lẹ́sìn, Tánkẹ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bí mo ṣe máa ṣe é gan-an nìyẹn, màá sì fi ti Àáfáà lé e fún ọmọ tó fa ìlà méjì yẹn, torí ó fẹ́ràn completing the square. Ẹyọ kan ló kù: tí àmì bá yí padà ńkọ́? Bí 6x⁴ − 25x³ + 12x² + 25x + 6 = 0.

Tísà Òmù-Àrán

Ẹ pe x − 1/x ní y. Ní tèyí, x² + 1/x² = y² + 2. Ó di 6y² − 25y + 24 = 0, y jẹ́ 3/2 tàbí 8/3. Ìdáhùn rẹ̀: 2, −1/2, 3 àti −1/3. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú ìdọ́gba kí wọ́n tó ti ìwé.