“Kí ló ṣe Ìfẹ́?”, kì í ṣe “Kí ló wà pẹ̀lú Ìfẹ́?”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àkókò yìí. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lọ́jọ́ Ajé, níbi tí wọ́n ti ní kí a máa pe fíìmù àwọn ará Indonéṣíà nì, Ada Apa dengan Cinta?, ní “Kí ló wà pẹ̀lú Ìfẹ́?”. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, nítorí pé lọ́wọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n “pẹ̀lú” yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Wọ́n tú “ada” sí “wà”, “apa” sí “kí”, “dengan” sí “pẹ̀lú”, wọ́n sì tò wọ́n pọ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí à fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ bi í rí pé “kí ló wà pẹ̀lú rẹ”? Mo rántí ọjọ́ kan tí mo ti ilé ìwé dé tí n kò lè jẹun, tí àmàlà iwájú mi tutù títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Ìyá mi àgbà gbé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn, wọ́n ní, “Kí ló ṣe ọ́?” Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tí fíìmù náà ń bèèrè gan-an nìyẹn. Cinta, ọmọ ilé ìwé girama ní Jakarta tí Dian Sastrowardoyo ṣe, wà lára àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwé wọn. Nígbà tí ó pàdé Rangga, ọmọkùnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe wọlé-wọ̀de, tí ó jẹ́ pé ìwé ni ó ń bá ṣọ̀rẹ́, ìwà rẹ̀ yí padà, ó sì parọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó lè bá Rangga jáde, ní alẹ́ tí Alya, ọ̀kan nínú wọn, nílò rẹ̀ jù lọ. Ẹ̀gbọ́n ní “ṣe” ń mú àìsàn wá sọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mú un wá, ìdí sì nìyẹn tí ó fi bá ọmọ náà mu.

Ẹlòmíràn ní kí a fi Cinta sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé a kì í túmọ̀ orúkọ ènìyàn. N kò fara mọ́ ọn. “Cinta” ni orúkọ ọmọ náà, “cinta” náà sì ni ìfẹ́ lédè wọn. Àwa ní Ìfẹ́olúwa àti Ìfẹ́dayọ̀ tí à ń ké sí ní Ìfẹ́ lójoojúmọ́. Ní òpin fíìmù náà, nígbà tí Rangga ti ń lọ sí New York, Cinta ka ewì tí ó fi sílẹ̀ fún un, níbi tí ó ti ṣèlérí pé òun yóò padà láàárín òṣùpá kan, ọ̀rọ̀ “cinta” sì tún jáde níbẹ̀. (Ọdún 2016 ni apá kejì tó dé sinimá, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.) Bí a kò bá tú orúkọ náà, etí Yorùbá kò ní gbọ́ ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá kọ ọ́ fi àmì sí i. Ẹni tó kọ “Ife” lásán, ṣé ife tí a fi ń mumi ni, àbí Ifẹ̀ Oòduà, àbí ìfẹ̀ ojú ọ̀nà?

Ní ti “fíìmù ìfẹ́sọ́nà ọ̀dọ́langba” tí ẹ̀gbọ́n tún dá sílẹ̀ láti fi pe irú fíìmù yìí, “sọ́nà” ni ó bà á jẹ́. Ẹni tí a fẹ́ sọ́nà, ilé méjèèjì ti mọ̀ sí i. Bí alárinà bá wà láàárín Cinta àti Rangga, ìwé ni: Aku, tí Sjumandjaja kọ lórí ìgbésí ayé akéwì Chairil Anwar tó kú ní 1949. Ó jábọ́ lọ́wọ́ Rangga, Cinta sì ṣà á. Lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde ní 2002, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Suharto, ààrẹ wọn, gbé ìjọba sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé náà kiri, ewì sì di ohun tí wọ́n ń fi yangàn. “Ìfẹ́ ọ̀dọ́langba” ti tó fún wa.

Àkọlé náà fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn a kọ “Ada apa dengan”, wọn a sì fi ohunkóhun tó ń dà wọ́n láàmú tì í. Ẹ fi èyí dán tiwa wò. “Kí ló ṣe náírà?” yóò jáde lẹ́nu ọlọ́jà láìronú. “Kí ló wà pẹ̀lú náírà?” ńkọ́? Àbúrò wa obìnrin tó dábàá “Kí ló dé bá Ìfẹ́?” sún mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé létí tèmi, àjálù ni “dé bá” máa ń gbé wá. Èyí a lè fà á títí di oṣù tó ń bọ̀. Ti “pẹ̀lú” ni mo ń bẹ ẹ̀gbọ́n fún: kí wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà, tí “wà pẹ̀lú” ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.